Pẹ́dà trolling tó ń kú tá a bá ti yà sósì: bí mo ṣe tún un ṣe, àti ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣì í ṣe

Lọ́dún tó kọjá ni Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ wà ní Houston níbí ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan, ọkọ̀ aluminium tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16, èǹjìnnì epo wà nídìí ẹ̀, trolling motor sì wà níwájú. Kí n tètè sọ ọ́ kẹ́nì kan má bàá máa ro nǹkan míì, motor tí mò ń wí yìí kì í ṣe mọ́tò tá à ń wọ̀ lọ sí Ṣàgámù o, èǹjìnnì kékeré oníná ni, bátìrì ló ń lò, fáànù kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tó máa ń ta omi sẹ́yìn. Wọn kì í fi rìnnà jíjìn. Èǹjìnnì epo lèèyàn máa fi dé ibi tẹ́ja wà, tó bá débẹ̀ á pa á, á wá sọ trolling sómi kó lè máa rọra sún kiri láìpariwo, torí ẹja ń gbọ́ ariwo ju bá a ṣe rò lọ. Ọwọ́ méjèèjì sì ti wà lára ọ̀pá ìwọ̀, ẹsẹ̀ ló kù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe pẹ́dà sí i. Tó o bá fi orí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ á yà sọ́tùn-ún, tó o bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ á yà sósì, bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó o máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, tó o bá sì gbẹ́sẹ̀ kúrò á dúró.

Pẹ́dà yìí ló ń bá Ẹ̀gbọ́n jà.

Alẹ́ ọjọ́ Sunday kan ni wọ́n pè mí, n ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi ní "Àbúrò, nǹkan yìí tún ti kú sọ́wọ́ mi o, afẹ́fẹ́ gbé mi lọ kọ lu pákó èbúté olówó kan, ọlọ́run ló yọ mí." Lake Conroe ni wọ́n ti lọ pẹja, adágún omi ńlá tó wà lókè Houston, omi tí wọ́n sé ní 1973 ni, kì í ṣe omi tó ti wà láti ayébáyé. Àwọn tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹja bass mọ̀ ọ́n dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje Bassmaster Classic ní 2017. Àwọn ilé ńláńlá ló yí etí omi náà ká, onílé kọ̀ọ̀kan ló ní èbúté tiẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó so mọ́ ọn, tí afẹ́fẹ́ bá wá fẹ́ láti gúúsù tí trolling ẹ sì kú, ìwọ àti ọkọ̀ olówó lẹ jọ máa ṣojú kojú.

Mo bi wọ́n pé báwo ló ṣe ń kú. Wọ́n ní á máa lọ á máa lọ, á kàn ṣàdédé dákẹ́, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ títí, á tún gbéra. Wọ́n ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan kó tó di pé wọ́n pè mí, àwọn yẹn gbé e sórí igi nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú omi, kí wọ́n lọ ra odindi pẹ́dà tuntun, owó tó ju igba dọ́là lọ. Wọ́n tún gba owó yíyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa gba irú ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ní "Igba dọ́là ṣe kí ni? Ọkọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ èló ni mo rà á?"

Èmi ò kì í ṣe ẹni tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe o. Iṣẹ́ AC ni mò ń ṣe, ká lọ sílé onílé ká lọ wo ìdí tí afẹ́fẹ́ tútù ò fi jáde. Ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, etí ọ̀sà, bàbá bàbá mi pẹja títí tó fi kú, mo mọ àjẹ̀ mú kí n tó mọ bírò mú, wọ́n á sì máa rò pé ohunkóhun tó bá ti kan omi èmi ni kí wọ́n pè. Mo ní kí wọ́n gbé e wá.

Trolling náà kì í ṣe ti ìgbàlódé tó ní GPS àti rìmóòtù. Ti ayé àtijọ́ díẹ̀ ni, volt 12, sípíìdì márùn-ún, okùn irin méjì ló ń fà á yí bí bíréèkì kẹ̀kẹ́, látinú pẹ́dà dé orí ẹ̀ lókè. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀, torí irú èyí, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ẹ̀ tó máa ṣe ọgbọ́n fún ẹ. Iná kúrò lórí bátìrì, ó gba inú bíréékà amp 50 (amp la fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó), ó dé ibi púlọ́ọ̀gì níwájú ọkọ̀, ó wọ inú pẹ́dà, ó gba súwíìṣì kọjá, ó gba ibi tí wọ́n ti ń yan sípíìdì kọjá, ó wá tẹ̀lé paipu rọ́bà lọ sí motor nísàlẹ̀. Gbogbo iná tí motor ń jẹ pátá, inú pẹ́dà ló ń gbà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí níbẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ohun àkọ́kọ́, mo yọ bátìrì. Volt 12 ò lè gbé èèyàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí òrùka ọwọ́ ẹ bá lọ kan tẹ́mínà àti irin ọkọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òrùka yẹn á pọ́n bí ẹyin iná sí ọ lọ́wọ́, mo ti rí i rí lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan ní Ìkòròdú. Mo bọ́ òrùka mi. Mo tún yọ fáànù abẹ́ ẹ̀ kúrò, torí nǹkan tó ń ṣàdédé kú á tún máa ṣàdédé jí, ìka ò sì ní sípéà.

Mo wá dojú pẹ́dà délẹ̀, mo tú skúrúù abẹ́ ẹ̀. Iyanrìn, ìfun kòkòrò, koríko omi tó ti gbẹ, ìdọ̀tí ìjẹ ẹja, gbogbo ẹ̀ ló dà jáde. Súwíìṣì kékeré tí bọ́tìnì ẹsẹ̀ ń tẹ̀ wà níbẹ̀, ìdí ẹ̀ ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé bíi ti owó bàbà àtijọ́. Mo rí i báyìí ni mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé mítà tá a fi ń yẹ iná wò lé e, èyí tó máa ń dún tí ọ̀nà iná bá já gaara, mo tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà ogún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ò dún nínú ẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí, mo ti mú olè. Mo pe Ẹ̀gbọ́n pé súwíìṣì dọ́là méjìlá ló ń fẹ́ gba igba lọ́wọ́ yín. Wọ́n ṣàdúrà fún mi gan-an lọ́jọ́ náà, wọ́n dé orí àwọn ọmọ mi, wọ́n dé orí àwọn tí n ò tíì bí.

Nígbà tí súwíìṣì tuntun dé mo pààrọ̀ ẹ̀, mo fi gíríìsì tó ń lé omi sí ìdí ẹ̀, mo fọ inú pẹ́dà mọ́ tónítóní, mo gbé e sórí igi nínú gáréèjì, mo tẹ̀ ẹ́, ó ń dún fìrì. Gbogbo sípíìdì márààrún. Mo yà á sọ́tùn-ún mo yà á sósì, kò kú. Ẹ̀gbọ́n ní ká jọ lọ gbádùn ẹ̀ ní Saturday.

Ẹ̀yin ará, kò tó wákàtí kan lójú omi. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abẹ́ igi kan tó wó sómi tí Ẹ̀gbọ́n ní ẹja máa ń sá sí, wọ́n fẹ́ yà sósì díẹ̀ kí wọ́n lè ju ìwọ̀ síbẹ̀, pẹ́dà dákẹ́. Wọ́n wò mí. Mo wo omi. Wọ́n ní "Àbúrò, súwíìṣì dọ́là méjìlá." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtìjú yẹn, wàláì, ó ju ti ọjọ́ tí mo ṣubú sínú ọ̀sà níwájú àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wa lọ.

Afẹ́fẹ́ ti ń gbé wa lọ, mo fa àjẹ̀ yọ, ọwọ́ mi kọ́kọ́ rántí iṣẹ́ àtijọ́ kí ọpọlọ mi tó rántí, mo wà wá kúrò níbẹ̀. Bí mo ṣe ń wà á lọ ni ojú mi ń là. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí n ti bi Ẹ̀gbọ́n látalẹ́ ọjọ́ Sunday yẹn tí mi ò bi wọ́n. Lára pẹ́dà yẹn, súwíìṣì míì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ní ibi méjì: ibì kan, àfi kó o máa fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnì kó tó ṣiṣẹ́, ibì kejì, á kàn máa ṣiṣẹ́ lọ fúnra ẹ̀ láìtẹ bọ́tìnì. Tí ìyẹn bá ti wà níbì kejì, iná ò gba inú súwíìṣì kékeré tí mo pààrọ̀ yẹn mọ́ rárá, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà. Mo bi Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó máa ń kú tẹ́ ẹ bá gbé e sí ibi tó ń dá ṣiṣẹ́? Wọ́n ní àwọn ò gbé e síbẹ̀ rí láyé àwọn, pé ẹ̀rù ń ba àwọn, tí àwọn bá ṣubú sómi ńkọ́, kó máa gbé ọkọ̀ lọ fi àwọn sílẹ̀? Ẹ̀rù wọn bójú mu, n ò lè bá wọn jiyàn.

Mo ní ẹ jẹ́ ká gbé e síbẹ̀ báyìí. A gbé e síbẹ̀, ó gbéra. Mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ó kú. Mo dá a padà sáàárín, ó jí. Mo tún tẹ gìgísẹ̀, ó kú. Mo fi orí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, kò ṣe é ní nǹkan kan. Súwíìṣì kékeré ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Òun náà ò dáa o, mo rí i tí mítà kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pa trolling. Olè méjì ló wọlé, mo mú kékeré mo jẹ́ kí ńlá lọ.

Mo tún ṣàkíyèsí nǹkan kejì níbẹ̀. Lórí sípíìdì kìíní àti ìkejì, kódà tí mo bá tẹ gìgísẹ̀, á kàn falẹ̀ díẹ̀ ni, kò ní kú tán. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún ló ń kú pátápátá. Fún ẹni tó bá ní irú trolling sípíìdì márùn-ún yìí, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí òdì kejì ẹ̀ ni èyí tó wọ́pọ̀ jù: tó bá jẹ́ sípíìdì karùn-ún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ tí àwọn tó kù ò ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kan pẹ́dà kankan, kọ́ìlì tó ń dín iná kù lẹ́bàá motor nísàlẹ̀ ló ti jó, torí ìkarùn-ún ò gba inú ẹ̀ kọjá, tààrà ló ń lọ. Tiwa wá jẹ́ pé bí iná tó ń gbà á bá kéré á gbà, bó bá pọ̀ kò ní gbà. Ojú ọ̀nà ló há.

Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ àlòkù ní Nàìjíríà rí ti mọ àìsàn yìí tipẹ́, orúkọ míì ló fi mọ̀ ọ́n. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, họ́ọ̀nù ń dún, rédíò ń sọ̀rọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, káá! Kò ní kíìkì. Aládùúgbò á wá fi okúta gbá tẹ́mínà bátìrì lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ á gbéra. Bátìrì ò kú. Tẹ́mínà ló dọ̀tí, iná táṣẹ́ẹ́rẹ́ tí rédíò ń jẹ lè gba ibi ìdọ̀tí yẹn kọjá, ṣùgbọ́n sítátà, alájẹjù ni, kò lè gbà á. Trolling àti sítátà sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ O. G. Schmidt, ní ìlú Fargo ní North Dakota, ní 1934, sítátà ọkọ̀ Ford Model A ló tú, ó so ọ̀pá àti fáànù mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sómi, ibẹ̀ ni irú èǹjìnnì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ṣọ́ọ̀bù yẹn àti èmi, àṣìṣe kan náà la ṣe: orí igi, nínú afẹ́fẹ́ lásán, tí fáànù ò ti omi kankan, amp díẹ̀ péré ló ń jẹ. Rédíò la gbé dán an wò. Kò sẹ́ni tó fún un ní sítátà.

Lọ́jọ́ kejì mo pọn omi kún ike ìdalẹ̀nù ńlá onítáyà tí ìjọba ìlú ń fún wa, mo ti fọ̀ ọ́ o, ìyàwó mi ò sì tíì gbàgbọ́ títí di òní pé mo fọ̀ ọ́. Mo dá fáànù padà sídìí trolling, mo so ó mọ́ igi, mo sọ ọ́ sínú omi yẹn. Ó wá ní nǹkan tó ń tì báyìí. Mo gbé mítà tó ní ẹnu bíi ti akàn, èyí tó ń gbá wáyà mú láìjá a, sára wáyà bátìrì. Bátìrì lásán kó tó ṣiṣẹ́: volt 12.7, ó kún. Sípíìdì karùn-ún, pẹ́dà láàárín: ó ń dún dáadáa. Mo tẹ gìgísẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ títí ohùn ẹ̀ fi yí padà, mo fi igi há pẹ́dà síbẹ̀ kó má yẹsẹ̀. Amp 22. Lórí bátìrì, volt 12.3. Bátìrì ò lẹ́bi.

Ibi tó kàn ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í, èmi náà ti máa ń ṣì í nídìí AC nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á yọ wáyà, á gbé mítà sí ibi tó ń dún bíìpù, á fi ẹnu mítà kan orí wáyà méjèèjì, bíìpù! Wáyà dáa. Irọ́ ni. Wáyà tó ní irun bàbà bí àádọ́ta nínú, tí ogójì-lé-mẹ́jọ bá ti já, irun méjì tó kù á dún bíìpù fún ẹ, mítà ò bi ẹ́ pé mélòó ló kù. Wáyà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni kó o dán wò. Ẹnu mítà kan lórí bátìrì, ẹnu kejì lórí ibi tí wáyà yẹn ti wọ súwíìṣì nínú pẹ́dà, kí o wá wò ó nígbà tí motor ń jẹun. Tí wáyà bá dáa, òdo tàbí bí òdo lo máa rí, torí ìhín àti ọ̀hún ẹ̀ dọ́gba. Iye volt tó o bá rí lórí mítà, iye tó ń sọnù sójú ọ̀nà nìyẹn.

Mo mú un ní ìkọ̀ọ̀kan. Bátìrì sí ẹ̀yìn bíréékà: 0.1. Bíréékà sí ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì: 0.1. Púlọ́ọ̀gì sí súwíìṣì nínú pẹ́dà: 3.9.

3.9! Nínú wáyà tí kò gùn ju apá mi lọ. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po amp 22 yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ watt 86, áyọ́ọ̀nù tá a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ò gbà tó bẹ́ẹ̀. Mo pa á kíákíá, mo rọra fọwọ́ tẹ wáyà náà láti ibi púlọ́ọ̀gì bọ̀ wá sí pẹ́dà, ó tutù, ó tutù, ó tutù, ó wá dé ibi tí wáyà ti ń wọ inú pẹ́dà, níbi tí rọ́bà dúdú kan ti fún un lọ́rùn kó má bàá fà yọ. Ibẹ̀ gbóná bí ẹ̀bá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Rọ́bà ara wáyà náà ti rọ̀ níbẹ̀ bíi ẹran ara tó ń ṣọyún, ṣùgbọ́n lójú lásán, kò sí nǹkan kan, ó ń dán, ó dúdú, ó lẹ́wà.

Mo fi abẹ là á. Bàbà inú ẹ̀ ti dúdú bí èédú lápá kan, ó ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé lápá kejì, mo ka irun tó ṣì mú ara wọn: méje. Méje ló ń gbé Ẹ̀gbọ́n kiri lórí Lake Conroe. Bí wọ́n bá ti tẹ gìgísẹ̀, ìdí pẹ́dà á lọ sílẹ̀, wáyà á tẹ̀ lọ́rùn, àwọn irun tó ti já á jìnnà síra wọn. Bí wọ́n bá dá a padà, orí á tún kan orí. Yíyà sọ́tùn-ún ò kan wáyà náà rárá, ìdí tí ọ̀tún fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Kí ló fà á? Mo wo àpá tó wà níbẹ̀, mo sì rántí nǹkan tí mo rí lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n gbé e wá. Wáyà ni wọ́n fi gbé e. Wọ́n kọ́ ọ lọ́wọ́ bí ẹni gbé adìyẹ lápá, pẹ́dà ń mì jọ̀ọ̀jọ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà á ti máa ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kàn wọ́n. Pẹ́dà yìí kì í fúyẹ́, rọ́bà tí wọ́n fi dì í lọ́rùn náà le koko, ibì kan náà ni wáyà á sì máa ṣẹ́ lójoojúmọ́. Omi á wá gba ibi tó ṣẹ́ wọlé, bàbà á máa jẹrà nínú lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Títún un ṣe wá ni ibi tó rọrùn jù. Mo gé wáyà náà títí mo fi dé ibi tí bàbà ti pọ́n dáadáa, ìyẹn ju bí mo ṣe rò lọ, torí ewé yẹn máa ń rìn lábẹ́ rọ́bà, mo gé e lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí èyí tó mọ́. Gígùn ẹ̀ ò wá tó mọ́. Mo ra wáyà ti ọkọ̀ ojú omi, èyí tí wọ́n ti fi páànù funfun bo irun bàbà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàá tètè hu ewé, mo rí i pé ó nípọn tó èyí tí mo yọ, kódà ó fi díẹ̀ jù ú lọ. Tinrín ò dáa níbẹ̀, ẹ má fi wáyà ilé tín-ín-rín ṣe é. Ibi tí mo ti so wọ́n pọ̀, kọ̀nẹ́kítọ̀ ni mo lò, èyí tí wọ́n ń fi irin tẹ̀ pa, tí rọ́bà ara ẹ̀ ní gọ́ọ̀mù nínú, tó o bá fi iná ràn án á fún mọ́ wáyà lára, gọ́ọ̀mù á yọ́ á dí ojú omi. Ẹ̀gbọ́n ní kí ló dé tí mi ò jó lẹ́ẹ̀dì sí i, pé lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń lò nígbà tí àwọn ń kọ́ṣẹ́ rédíò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́ẹ̀dì nìkan ò dáa nínú ọkọ̀ ojú omi, ó máa ń mú kí irun wáyà le gan-an bí igi, ibi tí lẹ́ẹ̀dì bá parí sí ni wáyà á ti tún ṣẹ́ tí ìgbì bá ń gbọ̀n ọ́n. Ká fi nílọ́ọ̀nù téèpù wé e? Ẹ jọ̀ọ́. Téèpù ń gba omi mọ́ra ni, kì í lé e.

Mo ṣí rọ́bà ọrùn ẹ̀, mo jẹ́ kí wáyà tuntun yí po lẹ́ẹ̀kan nínú pẹ́dà kó tó bọ́ síta, kó lè ní àyè tó bá ń lọ tó ń bọ̀, mo ti rọ́bà padà, mi ò fún un pa. Okùn irin méjèèjì tó ń yí orí ẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Tẹ́nikẹ́ni bá tú pẹ́dà irú èyí, mo bẹ yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ò bá ṣe yín ní nǹkan, tẹ́ ẹ bá ti dẹ̀ wọ́n, ẹ máa wá orí tuntun fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo dá a padà sínú ike ìdalẹ̀nù. Sípíìdì karùn-ún, gìgísẹ̀ kanlẹ̀, igi há a síbẹ̀. Láti púlọ́ọ̀gì dé súwíìṣì: 0.15. Amp 36. Bátìrì lọ sí 12.1 torí motor ti ń jẹun yó báyìí, omi ń fọ́n jáde nínú ike, ó lu ògiri gáréèjì, ó lu bàtà mi. Mo jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wá fọwọ́ tẹ ọrùn wáyà náà. Ó tutù.

Àpapọ̀ owó, súwíìṣì dọ́là méjìlá tí kò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀, wáyà àti kọ̀nẹ́kítọ̀ bíi dọ́là méjìdínlógún. Mi ò gba owó iṣẹ́, pẹ̀lú ojú wo? Ẹ̀gbọ́n ní àwọn á fi ẹja san án.

A padà lọ ní Saturday tó tẹ̀lé e, abẹ́ igi tó wó yẹn gan-an ni wọ́n ní ká lọ, wọ́n ní níbi tí ojú ti ti àwọn ni ojú àwọn ti gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ gúúsù ń fẹ́. Wọ́n yà sósì, wọ́n tún yà sósì, wọ́n yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta láìdé ibì kankan, wọ́n kàn ń tẹ gìgísẹ̀ ni, bí ọmọ tó rí ohun ìṣeré tuntun. Bass méjì, ẹja àrọ̀ kan tó tó apá mi. Wọ́n fún mi ní ẹja àrọ̀, wọ́n ní bass ò dáa fún ọbẹ̀, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tá a dé etí omi tá a fẹ́ gbé ọkọ̀ sórí tírélà, mo ń de okùn lẹ́yìn, mo bojú wo iwájú, Ẹ̀gbọ́n ti tú pẹ́dà kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, wọ́n fi wáyà gbé e, ó ń mì jọ̀ọ̀jọ̀ lọ́wọ́ wọn.